Wọ́n Fi Àwòrán Àbúrò Mi Ṣẹ̀sín

Inú ṣì ń bí mi. Àbúrò mi obìnrin, tó ń ya àwòrán ládùúgbò Ìjẹmọ̀, kì í fi pẹ́ńsùlù lànà rárá. Á da ọ̀dà sórí aṣọ funfun, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tì í kiri. Ibi tí ọkàn rẹ̀ bá ní kó dúró ló ń dúró. Mo ti rí i tó fọ odidi àwòrán dànù torí pé àwọ̀ kan ò bá a lára mu.

Lọ́jọ́ tó pàtẹ àwọn àwòrán náà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa wọ bùbá àdìrẹ tuntun aláràbarà wá. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Èwo lorí, èwo lẹsẹ̀ nínú rádaràda yìí?”

Gbogbo èrò bá a rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi dorí kodò.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni mo wí. “Àdìrẹ tó wà lọ́rùn yín yẹn ńkọ́, èwo lorí ẹ̀?”