Àmì Tí Mo Fi Síwájú Orúkọ Rẹ̀

Bí òórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn bá ti kan imú mi, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá ọkọ mi ní Àrámọ̀kọ ni mo máa ń rántí. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, nígbà tí kòkó ṣì ń kọ́lé fún èèyàn. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, pákó sì ni ilẹ̀ òkè rẹ̀, pákó fífẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ títí ó fi ń dán. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gun àtẹ̀gùn dé òkè, gbogbo pákó náà á gbọ̀n, a ó ti mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀ kó tó yọjú. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn ìyá tó ń lọ sí oko àti ọjà tọ́jú ọmọ. Mi ò kàwé kọjá girama. Ọmọ tèmi ni mo ń tọ́jú lọ́wọ́ tí aládùúgbò kan fi gbé tirẹ̀ wá, ni òmíràn tún gbé tirẹ̀ wá, kí n tó mọ̀, ọmọ méje ló ń sùn lórí ẹní mi.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ bí mo ṣe rí nígbà yẹn. Wọ́n pe àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ sí Adó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fún wa ní ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ ohun tó yẹ kí ọmọ lè ṣe sí, láti ìgbà tó ń rákò títí yóò fi tó lọ sí iléèwé. Ṣé ó ń to nǹkan lérí ara wọn? Ṣé ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré? Ṣé ó ń yíjú bí a bá pe orúkọ rẹ̀? Àpótí kékeré wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí a ó fi àmì sí. Mo gbé ìwé náà wálé bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n kọ́ obìnrin márùn-ún tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ mi, orí mi wú, mo ra bàtà tuntun nítorí rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì. Onídìrí ni ìyá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ló ti ń dirun. Ọmọ náà mọ eré, ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ̀ bi mí léèrè nípa rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní bí òun bá pè é láti ilé ìdáná, kì í dá òun lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọkùnrin máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pé ó ń yíjú sí èmi dáadáa, pé orí kunkun lásán ló ń ṣe sí i, kó má gbà fún un. Mo ṣí ìwé ńlá náà, mo fi àmì tó wà níwájú orúkọ ọmọ rẹ̀ hàn án. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ náà máa ń yíjú lóòótọ́ bí mo bá ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí mo ń pè é. Ṣùgbọ́n kí n má tan ara mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń fi gbogbo àmì náà sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ, bí ẹni ń ju àgbàdo sínú ihò. Bí mo bá sì jókòó sórí ẹní mi pè é, tó ń wo ojú fèrèsé tí kò wò mí, mo máa ń dìde lọ na ọwọ́ rẹ̀. Kì í sunkún púpọ̀. Á kàn wo ọwọ́ náà, á wá wo ojú mi.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ àwọn obìnrin náà, nítorí àtẹ̀gùn ilé wa ga fún àgbà. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ibẹ̀. Mo mú ọmọ tèmi àti ọmọkùnrin yìí dání kí n lè máa fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tó ń gun ọ̀kadà wá láti Ìdó-Ilé, tó ti fi oko ṣíṣe tọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Kò lè kàwé yára. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó nawọ́ sókè, ó ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan nípa ọmọkùnrin yẹn. Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìwé ná.” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi àmì sí ìwé. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí àpótí kankan ṣófo bí ọ̀gá bá ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àpótí tó ṣófo máa ń jọ ọ̀lẹ. Ìyá àgbà náà wá béèrè báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọmọkùnrin yẹn ń yíjú. Mo ní kó wò ó. Ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń to ìdérí ìgò. Mo pè é láti orí àga mi. Mo tún pè é. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo ní wọ́n ò rí orí kunkun náà, mo sì dìde láti lọ na ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá náà di aṣọ mi mú. “Jókòó, Tíṣà.”

Ó bọ́ bàtà, ó rọra rìn dé ẹ̀yìn ọmọ náà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lu abọ́ tánganran kan gbàn-ín. Ọmọ tèmi tó wà ní ìparí gbọ̀ngàn fò sókè. Ọmọkùnrin náà gbé ìdérí mìíràn lé èyí tó ti tò. Ìyá náà bi mí irú ilẹ̀ tó wà nílé mi. Mo ní pákó ni. Ó fi gìgísẹ̀ lu sìmẹ́ǹtì náà, kò gbọ̀n bí pákó.

“Ulé rẹ ló ń pè é, Tíṣà. Kì í ṣe ẹnu rẹ.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tó fẹ́ bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo pọn ọmọ náà, mo forí lé gáréèjì. Lójú ọ̀nà, mo ti ro irọ́ tí mo lè pa: pé ibà tó ṣe é lóṣù tó kọjá ló fà á, pé èmi ni mo tètè rí i. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó ti sùn, itọ́ ẹnu rẹ̀ ń rin mí láṣọ. Nígbà tí mo débẹ̀, òótọ́ ni mo sọ, títí kan ti ọwọ́ tí mo máa ń nà. Orí oníbàárà ni ìyá rẹ̀ wà. Ó di ìlà irun náà dé ìdí kó tó gbójú sókè.

“Mo ti ń nà án, Àǹtí,” ló wí. “Ẹ̀yin lẹ ní orí kunkun ni.”

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ì bá sàn fún mi. Nílé ìwòsàn, wọ́n sọ fún un pé ká ní wọ́n ti tètè gbé e wá, ọmọ náà ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó ti wà ní iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọ báyìí.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ọmọ tuntun. Ojú ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí fún wọn, mo máa ń jẹ́ kó lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́, kí oníkálùkù rí àmì náà, kí wọ́n mọ ẹni tó fi í sí i. Ìyá àgbà náà ti ṣí tirẹ̀ ní Ìdó-Ilé. Mo lọ wo ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àpótí tó ṣófo pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní òun kò tíì mọ̀ ni. Mo jókòó tì í, mo ń ṣí ojú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, ọmọkùnrin náà máa ń wá bá ọmọ mi ṣeré. Á jókòó sórí pákó, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sì máa wo ẹnu àtẹ̀gùn. Kí n tó dé òkè, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ti pè é ní olórí kunkun rí, mo ti nà án nítorí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń dá ẹsẹ̀ mi mọ̀. Mo máa ń dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ná, kí n tó lè gbé ojú mi lọ pàdé ẹ̀rín yẹn.