Obì Tí Mo Jẹ Nítorí Ìdánwò

Mo ń ka ẹ̀kọ́ mi sókè láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá mi ti ń bó ẹ̀gẹ́ nílé wa ní Ìfọ̀nyìn, nígbà tí àyà mi já. Kò sí ohun tó dẹ́rù bà mí lásìkò náà. Ó kàn já ni, ó sì ń lù kìkìkì bí ẹni pé mo sáré láti Ìgólò wálé. Ọwọ́ mi gbọ̀n, wàláà tí mo fi ń kọ̀wé bọ́ sílẹ̀. Mo la ẹnu kí n máa kà lọ, n kò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo sọ fún ìyá mi pé ooru ló mú mi. Irọ́ ni mo pa.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Ilé-ìwé àwọn Másẹ̀, àwọn obìnrin òyìnbó tí kì í lọ́kọ nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run, ni mo ń lọ ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ní ká lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí a bá dé, ìdánwò ni. Níwájú òyìnbó mẹ́ta la ó ti dáhùn ní Faransé, láìwo ìwé. Ẹni tó bá yege yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹni tó bá kùnà, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ìyá àgbà mi rí i pé ẹ̀rù ń bà mí, ó fún mi ní ìsọ̀yè, oògùn tí àwọn àgbà fi ń mú kí ohun téèyàn kọ́ dúró lórí. Ó ní, "Awẹ́ obì kan ni kó o máa fi jẹ ẹ́ láàárọ̀, kó o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀." Èmi ọlọ́gbọ́n wá rò pé bí awẹ́ kan bá lè mú ẹ̀kọ́ kan dúró, odindi obì márùn-ún yóò mú gbogbo ìwé dúró. Obì tún ń lé oorun lọ, inú mi dùn sí i. Mo ti ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kí àyà mi tó já láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láìsùn, oúnjẹ kò wù mí mọ́. Ìka ọwọ́ mi ń ta bí apá téèyàn sùn lé. Ọkùnrin kan wà ní ọ̀nà Ìgólò tó máa ń bá igi sọ̀rọ̀, wọ́n ní ìwé ló yí i lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ìdánwò wá kéré sí ẹ̀rù yìí.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo ṣubú létí odò, ìkòkò omi fọ́.

Ìyá mi, tí a jọ lọ pọnmi, ní, "Ìdòwú, sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Màmá, mo ń ya wèrè."

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, àwa méjèèjì sì sunkún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a fi ẹsẹ̀ rìn dé Àjàṣẹ́, sí ilé ìtọ́jú àwọn Másẹ̀. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn elégbò àti ọmọ ọwọ́ kan tí ibà ń ṣe. N kò tíì dúró de nǹkan tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí Másẹ̀ tó ń tọ́jú aláìsàn bá sọ pé orí mi ti yí, ta ni yóò tún fi ọmọ rẹ̀ sábẹ́ mi? Ìyá mi di etí ìró mi mú bí ẹni pé mo fẹ́ sá.

Másẹ̀ gbé igi oníhò kan lé àyà mi, ó fetí sí i. Ó béèrè ohun tí mo ń jẹ. Mo tú etí aṣọ mi, obì yí sílẹ̀.

"Mọ̀n Díẹ̀!" Ó ké pe Ọlọ́run ní Faransé. "Mélòó lójúmọ́?"

"Márùn-ún, Másẹ̀."

Ó ní orí mi pé. Obì a máa mú ọkàn sáré. Bí kò bá sí oorun, tí kò sí oúnjẹ, tí ẹ̀rù tún wà, ọkàn á máa lù bí ti ẹni tí ẹkùn ń lé. Mímí kíákíá ló ń mú kí ọwọ́ máa ta. Àìbalẹ̀ ọkàn ni, kì í ṣe wèrè. Ó ní yóò lọ, àmọ́ kò ní lọ lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí: nígbà tí mo fi obì sílẹ̀, orí fọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí a padà délé, ìyá àgbà bínú sí mi gan-an. "Ta ló ní kó o jẹ igbá obì tán? Ṣé ọjọ́ kan la fi ń kọ ebè oko ni?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàwé bí ẹni ń kọ ebè. Mo á ka ìbéèrè mẹ́ta, mo á pa ìwé dé, mo á sọ ọ́ ní èdè wa fún ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ohun tí n kò bá lè sọ kó yé e, n kò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo á jẹun, mo á sùn. Bí àyà mi bá já, mo á jókòó, mo á rọra mí títí yóò fi rọlẹ̀.

Ẹ̀rù kò lọ lọ́jọ́ ìdánwò, n kò ní parọ́ fún yín. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ mo dúró. Ìbéèrè kan sọnù lórí mi pátápátá. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n, mo gba èyí tó kàn.

Níta, mo sọ ìbéèrè tó sọnù fún ìyá mi tó sìn mí wá. Obìnrin tí kò mọ Á yàtọ̀ sí B la ẹnu, ó sì dáhùn rẹ̀ ní èdè wa láìku ọ̀rọ̀ kan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Mo ti dàgbà báyìí. Àyà mi ṣì máa ń já nígbà mìíràn, mo á gbé ọwọ́ lé e, mo á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ pa mí nígbà yẹn, ó ń pè mí ni, èmi ni mo di etí. Bí ọmọ kan bá dúró níwájú mi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, n kì í kọ́kọ́ béèrè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń ní, "Ṣé o sùn? Kí lo jẹ?"