Orin Ojú Fèrèsé

Kọ́là funfun ọrùn aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni mo ń rán lọ́wọ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi kán sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi. Mo wo ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Ìgbà tí mo tún wúkọ́, tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ni mo rí i pé inú mi ni ẹ̀jẹ̀ náà ti wá. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń wúkọ́, tí mo ń pè é ní ikọ́ eruku aṣọ. Mo da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì jókòó.

Lotto, ní Mowe, ni mo ń gbé nígbà náà, nínú ilé kan tí yàrá ti kọjú sí yàrá, èmi àti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ní ilé ìwòsàn kan ní Ibafo ni wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Wọ́n yẹ ọmọ náà wò, kò ní in. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé oṣù mẹ́fà ni n óò fi lo oògùn láìfo ọjọ́ kan, pé kí n máa ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí èmi àti ọmọ má sì sùn nínú yàrá kan náà ná. Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ifo. Ọmọ náà béèrè ìgbà tí òun máa padà wálé. Mo ní tí ara mi bá ti yá. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo ń pa fún un.

Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi mọ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ń kí mi láti òkèèrè, wọ́n sì gbé sítóòfù wọn kúrò nítòsí ẹnu ọ̀nà mi. Bàbá kan ṣoṣo ni kò yí padà. Yàrá tó gbẹ̀yìn ló ń gbé, fèrèsé rẹ̀ sì dojú kọ tèmi. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará apá Ọ̀yọ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ní rédíò kékeré kan tó ń gba mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń kó orin sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó béèrè ìdí tí yàrá mi fi dákẹ́ báyìí. Mo ní orin ìjọ nìkan ni mo máa ń gbọ́, agbára rẹ̀ kò sì sí lára mi mọ́.

Ó ní, “Télọ̀, ẹni tó bá ń jẹ ọbẹ̀ kan ṣoṣo, ṣé kò ní rù? Wo ọrùn rẹ.”

Lọ́jọ́ kejì mo bá mẹ́mọ́rì náà lójú fèrèsé mi, nínú ìdérí ìgò kan. Bàbá ti ní ìlànà. Àpàlà ni kí n fi gbé oògùn àárọ̀ mì, torí kì í kánjú. Jùjú di ọ̀sán. Kí n má tíì fọwọ́ kan fújì, torí kò sí ẹsẹ̀ tí n óò fi jó o. Háíláìfù onífèrè wà níbẹ̀, àti orin àwọn òyìnbó tó ń ta gìtá, tí wọ́n ń sunkún nítorí ẹṣin àti ìyàwó tó lọ. Bàbá ní ìyẹn làwọn ń gbọ́ ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi mẹ́mọ́rì náà sínú rédíò tèmi, mo rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpàlà bẹ̀rẹ̀, mo rí bàbá mi ní oko wa ní Ọ̀ṣun, tó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká lórí ẹní, tó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ìgbà tí ó yá kí n dá mẹ́mọ́rì padà, ẹ̀rù tún dé. Mo ti ń se ife àti ṣíbí mi lójoojúmọ́. Mo rò ó pé tí àìsàn yìí bá ti ibi nǹkan yẹn ran bàbá arúgbó, ọrùn mi ni. Mo bá jù ú sínú omi híhó pẹ̀lú àwọn ṣíbí, mo sá a sóòrùn, mo dá a padà. Rédíò rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ níbi fèrèsé, mo jẹ́wọ́.

“O sè é?”

“Mo sè é, Bàbá. Mo fi iyọ̀ sí i.”

Ó yí mẹ́mọ́rì náà síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó ku ata.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù fèrèsé mú.

Ó ní òun á ra òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó orin sí i fẹ́ kéèyàn dárúkọ orin, òun sì ti gbàgbé ìdajì. Èmi náà gbọ́dọ̀ mú tèmi wá. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, kálukú lójú fèrèsé tirẹ̀. Mo mú wákà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá mi ń kọ wá, mo mú orin ìjọ, mo mú orin tí a fi ń wọ kíláàsì. Mo tún pe ọmọ mi ní Ifo láti béèrè àwọn orin ìwòyí tí mo máa ń bá a wí lé lórí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì kọ márùn-ún sí mi létí. Bàbá ní ẹni tó kọ ọ̀kan nínú wọn jọ ẹni tí iyán kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n fi kún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ikọ́ máa ń gé orin mọ́ mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan mo kọ wákà kan dé òpin. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má baà bàjẹ́. Bàbá náà ti padà sí ìlú wọn báyìí. Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀, mo ṣì máa ń retí ohùn rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kejì tí mo ti ń lo oògùn, nọ́ọ̀sì ní ọmọ lè padà wálé. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n gbà. Mo ní kí ọmọ dúró sí Ifo títí oògùn á fi tán.

Ní ìparí oṣù kẹfà, nọ́ọ̀sì wo èsì, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní, “Ó ti tán, Màmá. Ẹ má wá mọ́ nítorí èyí.” Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Mi ò padà sílé. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀ kí n tó dé Ifo. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi, ó ki wáyà fóònù tó fi ń gbọ́ orin sí etí méjèèjì. Mo dúró sí òkèèrè, bó ṣe ti mọ́ mi lára. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fà mí lọ́wọ́ jókòó, ó yọ ọ̀kan kúrò létí rẹ̀, ó fi sí tèmi.

“Màmá, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí.”

Wáyà náà kúrú, orí wa kan ara wọn. Mo kọ́kọ́ di èémí mú. Nígbà tó yá, mo mí jáde.