Ìyàwó Àsíìsì Gun Ọ̀kadà Lọ sí Ọ̀tan

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ti Àsíìsì ti kọjá oògùn. Kí ó tó wa mọ́tò rẹ̀ jáde ní gáréèjì Ìlá láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, bóyá ọ̀tá ti tú nọ́ọ̀tì. Bí ó bá fẹ́ ra epo, àfi kí ó gbóòórùn rẹ̀. Bí èrò bá kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ọ̀fẹ́ ni ẹni náà ń wá. Kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká aṣọ tó tẹ́ sórí àga ẹ̀yìn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí orúkọ náà.

Ọláyínká ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ mẹ́rin fún un. Ìbí ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ; ẹ̀jẹ̀ ya, kò dá. Ta ni Àsíìsì fura sí? Obìnrin aláta tó ń gbé ojúlé kejì, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ bá wọn yọ̀ nígbà tí oyún náà hàn! Nígbà tí Ọláyínká rọra sọ pé àwọn nọ́ọ̀sì ní kí òun gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ojú ọkọ le koko. Wọ́n ti sọ fún un ní gáréèjì pé abẹ́rẹ́ yẹn ń ba ilé ọmọ jẹ́, àti pé obìnrin tí kò bẹ̀rù oyún mọ́ kò ní bẹ̀rù ọkùnrin kankan.

"N ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ nínú ilé yìí," ni ó wí.

Ọláyínká kò jiyàn. Àìjiyàn rẹ̀ ló wá kó ọkọ rẹ̀ láyà sókè. Ló bá lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀rà. Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí Àbídèmí, àbúrò Àsíìsì obìnrin, ti kú lórí ìkúnlẹ̀ ọmọ kẹfà.

"Màmá, ẹ bá mi máa ṣọ́ ọ. Ibi tó bá lọ, ẹ bá a lọ."

"Mo gbọ́," ni Màmá wí.

Ọmọ ìkẹrin rìn, ó já lẹ́nu ọmú, ó ń sáré kiri, oyún kò dé. Bí Àsíìsì bá béèrè, Màmá a ní, "Ara ìyàwó rẹ le," a sì máa pa obì rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mùstàfá, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ti Ọ̀tan Ayégbajú dé. "Nígbà tí mo ń lọ, mo rí ìyàwó rẹ lórí ọ̀kadà lọ́nà Ọ̀tan. Mo ní kó bọ́ sínú mọ́tò, ó ní kí n máa lọ. Wọ́n pé méjì lẹ́yìn ọlọ́kadà. Ẹnì kejì fi aṣọ bojú nítorí eruku."

Ọ̀fẹ́ ni ìyàwó awakọ̀ ń wọ gbogbo mọ́tò tó ń ná ọ̀nà yẹn. Kí ló wá gbé e dórí ọ̀kadà, bí kò bá ṣe pé kò fẹ́ kí awakọ̀ kankan mọ ibi tí òun ń lọ? Ọkùnrin ni! Kí Àsíìsì tó dé Ọ̀tan, ó ti mọ bí irùngbọ̀n ọkùnrin náà ṣe rí.

Àwọn ọlọ́kadà oríta tọ́ka ilé ìwòsàn ìjọba fún un. Ó já wọlé. Màmá ló bá lórí bẹ́ǹṣì, ìborùn rẹ̀ pọ́n fún eruku, báàgì Ọláyínká lórí itan rẹ̀.

"Màmá! Ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ?"

Ọláyínká yọjú láti yàrá nọ́ọ̀sì. Bí ó ti rí ọkọ rẹ̀, ó dúró gbagidi, ẹ̀rù bà á.

Màmá kò dìde. "O ní ibi tó bá lọ kí n bá a lọ; láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a wá síbí. Èmi ni mo sọ fún Àbídèmí pé obìnrin ilé wa kì í gba abẹ́rẹ́. Ó gbọ́ tèmi. Ìwọ lo gbé e nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, Àsíìsì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí o fi aṣọ bò lórí àga ẹ̀yìn, ta lo fura sí?"

Àsíìsì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ojú tì í, àyà sì ń já a, bí ẹni pé ìsinsìnyí ni ẹ̀jẹ̀ ìbí ìkẹrin náà ń ya.

"Ṣé wọ́n ti fún ọ?"

"Ó kù díẹ̀," ni Ọláyínká dáhùn jẹ́jẹ́.

Àsíìsì kọjá lára rẹ̀, ó yọ orí sínú yàrá. "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ fi ìgò oògùn yẹn hàn mí. Ṣé ọjọ́ kò tíì kọjá lórí rẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì gbé e fún un. Àsíìsì gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, kí ó tó dá a padà fún un.