Wọ́n Ní Kí Àwọn Amọ̀kòkò Bọ́ Bùbá

Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, àyà mi a máa gbóná. Àwọn tó mọ̀ mí a máa ní kí n gbàgbé, wọ́n ní ó ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Èmi ò gbàgbé.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí. Kété tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni mo wá sí Ìlọrin láti máa kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan, tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí fún ìwòran, sí ìgboro. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fa àwọn ará ìlú wọ ibẹ̀, wọ́n sì mú mi kúrò níléèwé, wọ́n ní kí n wá ṣe é.

Ará ìlú ò mọ ohun tí ilé náà wà fún. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń pe àwọn tó ń ti Ọjà-Ọba bọ̀, wọ́n á bi mí pé kí la ń tà. Obìnrin kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yọjú wolé, ó rí ìkòkò nínú àpótí gíláàsì.

Ó ní, "Irú èyí wà ní yàrá mi. Kí ló ṣe tí ẹ fi tì í mọ́lé?"

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló là mí lójú. Bí wọn ò bá fẹ́ wo ìkòkò, bóyá wọ́n á fẹ́ wo ọwọ́ tó ń mọ ọ́n. Ni mo bá gba Òkèlélé lọ, àdúgbò kan ní Ìlọrin níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ìyá àgbà kan ló jẹ́ olórí wọn nínú agbo ilé tí mo wọ̀. Ìborùn kì í kúrò lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Mo lọ, mo tún lọ, kó tó dá mi lóhùn.

"Tíṣà, kí la fẹ́ wá ṣe nílé ìjọba?"

"Ẹ óò máa mọ ìkòkò ní àgbàlá wa ní Sátidé, mà, kí àwọn ọmọ lè máa wò ó, kí wọ́n sì fọwọ́ kan amọ̀."

"Àwọn ọmọ ta?"

"Ọmọ gbogbo ìlú, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ ti ọmọ, a ó wá, bí Ọlọ́hun bá fẹ́."

Wọ́n wá. Wọ́n á da ògbólógbòó ìkòkò dojú bolẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ tí wọ́n ti gún lé ìdí rẹ̀, wọ́n á máa yí i po, wọ́n á máa fi ọwọ́ lù ú. Àwọn ọmọ ilé kéú a wá pẹ̀lú wàláà lábẹ́ abíyá, ọmọ àwọn akọ̀wé ìjọba a wọ bàtà wá, amọ̀ á sì kun gbogbo wọn bákan náà. Bàbá arúgbó kan tí kì í wọlé tẹ́lẹ̀ wá ń jókòó sábẹ́ igi, ó ń bá gbogbo ayé jiyàn lórí agbo ilé tí àmù rẹ̀ ń mú omi tutù jù. Ilé náà kún. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń retí Sátidé bí ọmọdé ṣe ń retí ọdún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè ni, ọ̀rọ̀ àṣà kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kọmíṣánnà ń mú àwọn àlejò bọ̀ láti Èkó, òyìnbó sì wà nínú wọn.

"Sọ fún àwọn ìyá yẹn kí wọ́n má wọ bùbá. Kí wọ́n ró ìró mọ́ àyà, kí wọ́n ṣí orí sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. "Sà, onímàle ni wọ́n. Wọn ò lè ṣí orí sílẹ̀ níwájú ọkùnrin àjèjì."

"Fún ìgbà díẹ̀ péré."

"Mi ò lè jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn fún wọn, sà."

"Bí o ò bá lè sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Ó sì sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀, bí àwọn obìnrin náà ṣe ń sọ amọ̀ kalẹ̀, ó dé pẹ̀lú ìró àdìrẹ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n lọ sẹ́yìn ilé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn di etí ìborùn rẹ̀ mú gírígírí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà. Ìyá àgbà wo ọ̀gá wa lójú.

"Ọ̀gá, ṣé ìyá yín ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà, mà."

"Ṣé ẹ ó bọ́ bùbá lọ́rùn tiwọn náà níwájú àlejò?"

"Ìyá, kò yé yín ni. Àṣà la fẹ́ fi hàn."

"Àṣà wa ló wà lára mi yìí. Ìkòkò lẹ ní ká wá mọ, ẹ ò ní ká wá fi ìhòhò wa hàn."

Ó yíjú sí àwọn tó kù. Wọ́n dìde, wọ́n lọ, wọ́n fi amọ̀ tútù sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin rò pé ojú ti ọ̀gá wa? Ó pe àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa, ó ní kí wọ́n ró àdìrẹ náà, kí wọ́n jókòó ti amọ̀. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń rò, kó má bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ṣe é. Wọ́n ń tẹ ẹrẹ̀ kiri bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀kan ń sunkún. Kọmíṣánnà pàtẹ́wọ́, òyìnbó ń ya fọ́tò. Nígbà tó yá, wọ́n fi férémù sí ọ̀kan nínú fọ́tò náà, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin nìyí.

Mo bá ọ̀gá sọ ọ́. Ó ní, "Ta ló máa mọ̀?"

Lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, mo gun àga, mo já fọ́tò náà kúrò lára ògiri, mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀. Mo ní kó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá mi padà síléèwé, lójú ọ̀nà Ọ̀fà, wọ́n sì gbé fọ́tò náà padà síbi tó wà.

Mo lọ bẹ ìyá àgbà. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Máa kó àwọn ọmọ wá síbí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ní Òkèlélé ni àwọn ọmọ iléèwé mi ti rí bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò, tí èéfín ń ta wọ́n lójú, tí wọ́n ń pariwo.

Mo pàdé ọ̀gá náà ní Challenge, nígboro Ìlọrin, lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ṣé inú rẹ ti rọ̀? Kò sẹ́ni tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní Sátidé mọ́. Bá wa bẹ àwọn ìyá yẹn."

"Inú mi ò rọ̀, sà. Òkèlélé ò jìnnà. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

Ó rò pé àwàdà ni. Ó wọ mọ́tò rẹ̀. Mo bi àwọn obìnrin Òkèlélé léèrè títí bóyá ó wá. Kò wá.