Kábọ́ọ̀nù Tí Mo Fi Tọrẹ

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí n kì í fi í fún ẹnikẹ́ni ní kábọ́ọ̀nù tí mo ti lò. Sísun ni mo máa ń sun ún. Àwọn tó mọ̀ mí nígbà tí mò ń tẹ̀wé ní Ọ̀wọ̀ a máa pè mí ní ahun. Kí wọ́n máa pè mí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún mi. Arimogija ni àwa méjèèjì ti wá. Òun ń tún fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó sì ta alùpùpù rẹ̀ kí n lè ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń fẹsẹ̀ rìn, tòun ti àpótí irinṣẹ́ lórí. Ẹni tó ṣe irú èyí fún ọ, kí lo fẹ́ fi san án fún un?

Ìgbà tó yá, ìjọ kan fẹ́ fi éésì sí ilé àlejò tuntun wọn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà mú ìwé kọ́ńtíráàtì wá nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Èyí ni ìbá jẹ́ iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa fi orúkọ ara rẹ̀ gbà. Abẹ́ àwọn ẹlòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọn a jẹ ẹran, wọn a ju eegun sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gun òkè ilé náà, ó wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ó wo ibi tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé. Ó wá jókòó tì mí, ó ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́: iye ẹ̀rọ, ibi tí omi wọn máa gbà jáde, iye tó máa gbà, oṣù mẹ́fà tó máa fi wá ṣe ìtọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

"Kábọ́ọ̀nù tuntun ni kó o lò o, àbúrò," ló wí. "Àwọn ará ìjọ yìí fẹ́ràn ìwé tó mọ́."

Mo fi í sáàárín bébà méjì, kí ẹ̀dà lè jáde lábẹ́. Ìgbà tí mo yọ ìwé jáde tán ló rí i pé mo ti tẹ mọ́kànlá síbi tó pe méje fún ẹ̀rọ òkè. Mo fi òdà funfun pa á rẹ́ lójú ìwé àti lójú ẹ̀dà rẹ̀, mo tẹ méje lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi, ṣe wọlé. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ éésì, ṣùgbọ́n ta ló rò ó dé ibẹ̀? Gbogbo aránṣọ àdúgbò ló ń tọrọ kábọ́ọ̀nù tó gbó lọ́wọ́ wa. Òun ni wọ́n fi ń ya òdòdó sára aṣọ kí wọ́n tó kó ọnà sí i. Èyí tó gbó, tí a ti tẹ ogún ìwé lé lórí, kò sẹ́ni tó lè ka ohunkóhun lára rẹ̀. Tuntun tí a lò lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́? Gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, wàá kà á bí ìwé orin.

"Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, tuntun yẹn ni kó o fún mi lónìí. Aṣọ ìyàwó ni mò ń rán."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o fún un. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níbẹ̀, ó ń wò wá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọ̀wé ìjọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti yan ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà, ó wá fẹ́ kí n tẹ ìwé àdéhùn tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Mo wo orúkọ. Àfẹ́sọ́nà ọ̀rẹ́ mi ni! Ọkùnrin tí mo ti fọwọ́ ara mi gúnyán fún!

"Owó tiẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ti ẹ̀gbọ́n yín," akọ̀wé wí, "ẹ̀rọ rẹ̀ sì tún pọ̀ jù ú lọ. Mọ́kànlá ló fẹ́ fi sókè."

"Yàrá méje ló wà lókè, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí mẹ́rin bá ṣẹ́ kù, ṣebí ilé àlùfáà ń bẹ."

Ha! Mọ́kànlá yẹn kò sí nínú ìwé kankan mọ́. Inú kábọ́ọ̀nù yẹn nìkan ló kù sí. Àṣìtẹ̀ ọwọ́ mi ni wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ra ẹ̀rọ tí mo fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá ń gbé, inú ilé laṣeni ń gbé.

Mo fò dìde, mo bá ọ̀rẹ́ mi aránṣọ lẹ́nu máṣíìnì rẹ̀. "Ìwọ! Ìwọ tá a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan!"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé mo jí i ni? Ṣebí ìwọ lo fún mi."

Mo wo aṣọ ìyàwó tó gbé kọ́ sára ògiri. Ó ti rán an tán, kò sì sí ẹyọ òdòdó kan lára rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi! "Kò burú," ló wí, ó gbé àpótí rẹ̀ rù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo pàdé rẹ̀ ní gáréèjì àwọn ọlọ́kọ̀ Àkúrẹ́, àpòòwé ńlá kan wà lábíyá rẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní ìwé kọ́ńtíráàtì kan lòun fẹ́ lọ tẹ̀.

"Títí dé Àkúrẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ńkọ́?"

"Mi ò fẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu ni," ló wí. Ó sì wọnú ọkọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró sí ẹ̀rọ tó rà fún mi.