Bẹ́ǹṣì Tó Mu Ọ́ìlì

Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ìró tí Ràsákì Àbúdù kọ́kọ́ mọ̀ láyé nìyẹn, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ. Pákó nìyá náà ń tà ní ilé ìlagi kan ní Agége, kì í sì í ra pákó tí kò bá kọ́kọ́ fi oríkèé ìka kàn. Á kàn án, á dẹtí, á tún kàn án. Èyí tó bá dáhùn kedere, á gbé e sápá ọ̀tún. Èyí tó bá ń kùn sínú, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ, kòkòrò ti wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa gba ìró náà láti ara ìyá wọ inú àyà tirẹ̀.

Ràsákì ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta báyìí. Káfíńtà òrùlé ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni gìtá ti gba ọkàn rẹ̀, òun ló sì ń ṣe tà ní sọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì. Ẹ̀rọ ìlagi ti gba etí ọ̀tún rẹ̀ láti èwe. Lóṣù tó kọjá, dókítà kan ní Ìkẹjà sọ fún un pé ti òsì náà ti ń tẹ̀ lé e. Kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́: kó ṣe gìtá kan tí yóò dún bíi pákó apá ọ̀tún ìyá rẹ̀, kó sì fi etí tó ṣẹ́kù gbọ́ ọ.

Àyà gìtá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ iwájú tí wọ́n lu ihò sí. Bó bá wúwo jù, á ya odi. Bó bá rọ̀ jù, ariwo lásán ni. Odindi oṣù kan ni Ràsákì fi ń kan pákó igi afárá, tó ń kan ti arère, káàkiri ìsọ̀ àwọn onípákó. Fàúsát, tó ń tajà ní ìsọ̀ tí ìyá Ràsákì fi sílẹ̀, ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Ràsákì, ẹ ti kan gbogbo pákó mi tán. Ṣé ẹ̀ ń retí kẹ́nì kan ṣílẹ̀kùn fún yín ni?”

“Ẹni tó máa ṣí i kò sí níbí.”

“Níbo ló wà?”

Ràsákì gbé pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ ibi tó wà. Ó wà nílé rẹ̀, lábẹ́ fèrèsé: bẹ́ǹṣì tí ìyá rẹ̀ fi ń jókòó ní ìsọ̀. Afárá ni, ìyá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á nínú ẹgbẹ̀rún pákó, ó sì ti gbẹ fún ogójì ọdún. Nígbà tí ìyá kú, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, òun nìkan ni Ràsákì mú nínú ogún. Ìgbàkígbà tó bá mú ayùn sún mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ a wálẹ̀.

Ní Sátidé, ó yọ ìṣó ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà, ó gbé pákó ìjókòó náà léjìká lọ sí sọ́ọ̀bù.

Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá, ikán jẹ férémù ilẹ̀kùn, àyà Ràsákì sì já fún bẹ́ǹṣì. Ó lọ gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, ó fi kun bẹ́ǹṣì náà lókè nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí gbogbo káfíńtà Agége ṣe ń ṣe sí pákó òrùlé. Kò tíì mọ nǹkan kan nípa gìtá nígbà náà. Ó rò pé ojú lásán ló dúdú, pé ọ́ìlì kò wọnú.

Ní sọ́ọ̀bù ní Sátidé yẹn, ó fá a. Ó tún fá a, títí pákó fi ku ìdajì. Dúdú kò tán, òórùn ẹ́ńjìnnì kò lọ. Ó fi ìka méjì gbé e létí, ó kàn án.

Pọ̀.

Bóyá etí òun ni. Ó gbé e tọ Fàúsát lọ. “Bá mi gbọ́ ọ. Èmi ni, àbí pákó ni?”

Fàúsát kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. “Pákó ni, bọ̀ọ̀dá mi. Ó ń dún bí iṣu tó ti rà.” Ó fọwọ́ pa á lára. “Ṣùgbọ́n ikán kò sá jẹ ẹ́.”

“Ikán kò jẹ ẹ́,” ni Ràsákì wí.

Nílé, ó to ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì padà, ó kan ìṣó rẹ̀ sójú ihò àtijọ́. Pákó náà ti fẹ́lẹ́ jù, kò ní lè gbé ènìyàn mọ́. Ó gbé e sábẹ́ fèrèsé. Ó fi kẹrosíìnì bọ́ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́, ó fọ̀ ọ́ lọ́ṣẹ, ó jáde lọ ká aṣọ tó sá. Ó ká wọn wọlé, ó ń ká ẹ̀wù ká ṣòkòtò, ó ń tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí aṣọ fi tán.